Ta Ló Ni Ìdáríjì?

Bí mọ́tò bá pa ènìyàn ní Ìlàrè, nílé-Ifẹ̀, kì í pẹ́ tí awakọ̀ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ á fi wá dọ̀bálẹ̀ fún ẹbí olóògbé. Àwọn àgbà á mí kanlẹ̀, wọn á ní, “A ti fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́.” Ẹni tó bá dárúkọ lọ́yà lẹ́yìn èyí, wọn á ní owó òkú ló fẹ́ jẹ.

Ṣùgbọ́n bí Ẹlẹ́dàá bá ti yan ọjọ́ ikú fún kálukú, ẹjọ́ wo ló kù fún ẹni tí àìbìkítà rẹ̀ pa ọmọ ẹlòmíràn?

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án 2014, ilé àlejò ìjọ Synagogue Church of All Nations wó ní Ìkòtún, l’Ékòó. Ènìyàn 116 ló kú, ọmọ South Africa sì ni èyí tó pọ̀ jù. Ìjọ náà tọ́ka sí bàálù kan tó fò kọjá lórí ilé náà. Lọ́dún 2015, adájọ́ Oyètádé Kọ́mọláfẹ́, tó wádìí okùnfà ikú wọn, sọ pé ilé náà fúnra rẹ̀ ni kò lágbára, àti pé wọn kò gba ìwé àṣẹ kí wọ́n tó kọ́ ọ.

Diutarónómì 22:8 ti bá kọ́lékọ́lé wí ṣáájú: kí ó ṣe ìgbátí yí òrùlé ká, kí ẹ̀jẹ̀ ẹni tó bá já bọ́ má baà wá sórí ilé rẹ̀. Al-Kùránì náà sọ pé kò sí ẹ̀mí tó ń kú láìsí àṣẹ Ọlọ́run (3:145), síbẹ̀ ó pa á láṣẹ pé kí ẹni tó ṣèèṣì pa onígbàgbọ́ san owó ẹ̀jẹ̀ fún ẹbí rẹ̀, àfi tí wọ́n bá yọ̀ǹda (4:92). Láyé àtijọ́, ẹni tí àrá bá pa, ẹbí rẹ̀ ló ń sanwó fún àwọn oníṣàngó, torí wọ́n gbà pé òrìṣà ló mú un. Èyí tí ọwọ́ ènìyàn bá fà yàtọ̀.

Ó pẹ́ kí òfin Gẹ̀ẹ́sì tó mọ ìyẹn. Lọ́dún 1808, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin dojú dé pẹ̀lú ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó kú lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan. Ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n san pọ́n-ùn 100 fún ọkọ nítorí ọgbẹ́ tirẹ̀ àti àkókò tí ìyàwó fi wà lórí àìsàn. Fún ikú gan-an, kọ́bọ̀ kò sí. Ó di 1846 kí òfin tuntun tó gba mọ̀lẹ́bí láàyè láti pẹjọ́, òfin yìí ni Nàìjíríà sì jogún. Kì í díye lé ẹ̀mí, kì í sì í sanwó ẹkún. Ohun tí olóògbé ń mú wálé fún ọkọ tàbí aya, ọmọ àti òbí ló ń kà.

Nítorí náà, ìdáríjì kì í ṣe ti àgbà ẹbí nìkan. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ òfin Ìsìláàmù ní alágbàtọ́ kò lè fi ìpín ọmọdé nínú owó ẹ̀jẹ̀ tọrẹ. Ní kóòtù pẹ̀lú, adájọ́ máa ń pín owó náà lórúkọ lórúkọ: ti opó lọ́tọ̀, ti ọmọ tí ó ṣì ń lọ síléèwé lọ́tọ̀.