Orin àti Ọmọ tí Kì í Dáhùn

Bí òbí bá pe ọmọ tí ọmọ kò dáhùn, ẹ̀dùn ọkàn ńlá ni. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó ní ọ́tísíìmù ni ó rí bẹ́ẹ̀: etí wọn kò di, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ sísọ ṣòro fún wọn.

Ní ọdún 1959, ní Sunfield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Paul Nordoff, onímọ̀ orin ará Amẹ́ríkà, àti Clive Robbins, olùkọ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí fi orin bá àwọn ọmọ tí ìbáṣepọ̀ ṣòro fún lò. Bí ọmọ bá lu ìlù, Nordoff a fi dùùrù bá a lọ. Bí ó bá kígbe, dùùrù a gba igbe náà. Ọmọ ni ó ń lé, àgbà ni ó ń gbè.

Ǹjẹ́ èyí ha ń wo ọ́tísíìmù sàn bí? Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2017, láàrin ọmọ 364 ní orílẹ̀-èdè 9, fi hàn pé àmì ọ́tísíìmù kò tìtorí orin dínkù ju ti àwọn tí a kò fi orin tọ́jú lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ṣe ìlérí ìwòsàn fún òbí, ẹ̀tàn ni ó ń tà.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá pe orin náà ní asán ti ṣìnà pẹ̀lú. Ta ni í bi ọmọ yòókù pé àrùn wo ni orin wò fún un kí ó tó jó? Bí ìyá bá lu ìlù, tí ọmọ rẹ̀ sì lù ú padà, ìdáhùn ni. Kì í ṣe ọmọ nìkan ni ó yẹ kí ó kọ́ bí a ti í dáhùn. Ó yẹ kí àgbà pẹ̀lú kọ́ bí a ti í gbè.