Ohun Tí Ó Wà Nínú Pòròpórò

Ìbéèrè kan ni ó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò: bí ènìyàn bá ń ṣe iṣẹ́ rere, tí iṣẹ́ náà sì pa ohun tí kò rí, ǹjẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́? Àpẹẹrẹ tí a ó fi wá ìdáhùn jìnnà sí ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò jìnnà.

Ní Illinois, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀dàn koríko gíga gba nǹkan bí mílíọ̀nù 22 éékà nígbà kan rí. Ní ọdún 1837, alágbẹ̀dẹ kan tí ń jẹ́ John Deere rọ ohun ìtúlẹ̀ onírin tí amọ̀ ibẹ̀ kò lè lẹ̀ mọ́. Àwọn àgbẹ̀ tú ọ̀dàn náà di oko. Èyí tí ó kù láìbàjẹ́ lónìí kò ju nǹkan bí 2,500 éékà lọ.

Nínú ìyókù yìí ni ewéko kan tí a ń pè ní Silphium wà. Ó máa ń ga ju ènìyàn lọ. Inú rẹ̀ ni agbọ́n kékeré kan, Antistrophus rufus, ń gbé. Kì í ta ènìyàn, kò sì tó hóró ìrẹsì. Abo rẹ̀ a yé sínú ewéko náà. Ewéko a sì hu kókó yí ọmọ rẹ̀ ká, kókó náà a di ilé àti oúnjẹ fún un. Ẹni tí ó dúró lóde kò lè rí kókó náà. Nígbà òtútù, ewéko a gbẹ, ṣùgbọ́n agbọ́n wà láàyè nínú pòròpórò. Bí ooru bá padà, akọ ni í kọ́kọ́ jáde. Òórùn pòròpórò ni ó fi ń mọ ibi tí abo ṣì wà nínú.

Àwọn olùtọ́jú ọ̀dàn a máa dáná sun ún, kí igi má baà bò ó mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ rere ni. Gbòǹgbò Silphium jìn, yóò tún hù. Ṣùgbọ́n iná kan náà lè pa agbọ́n. Bí ọ̀dàn bá gbòòrò, agbọ́n mìíràn a ti ẹ̀gbẹ́ wá. Bí ó bá ku bíńtín láàárín oko àgbàdo, níbo ni wọn yóò ti wá?

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó ju òkò sí ọjà, ará ilé ẹni ni í bá. Àìmọ̀ a máa dín ẹ̀bi kù. Kì í pa á rẹ́ fún ẹni tí ó lè béèrè tí kò béèrè. Nítorí náà ni àwọn olùtọ́jú tí ó mòye fi ń pín ilẹ̀: wọ́n á sun apá kan lọ́dún yìí, wọ́n á dá apá kejì sí. Wọn kò fi iṣẹ́ rere sílẹ̀. Ojú ni wọ́n fi kún un.

Ẹnìkan lè wí pé, kí ni agbọ́n tí kò tó hóró ìrẹsì? Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀ ni ó yẹ kí alágbára ṣọ́ra fún jù. Kí a tó dáná sí ohun tí a pè ní gbígbẹ, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo inú rẹ̀.