Owó Ilé Ẹni Tí Kò Sí Nítòsí

Ẹ̀yin ará, ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń gbé òkè Ọya ni a ti kọ́ ilé sí ìlú wa, tí a fi àbúrò tàbí ìbátan ṣe alábòójútó rẹ̀. Ayálégbé ń san owó, ṣùgbọ́n àwa kò rí i. Bí a bá béèrè, a ó gbọ́ pé òrùlé jò, pé ara ìyá kò yá, pé ọmọ wọ ilé ìwé. Kì í ṣe irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò ni pé owó ilé ẹni tí kò sí nítòsí, ti ta ni?

Alábòójútó náà ní àwíjàre. Òun ni ó ń pe bíríkìlà, òun ni ó ń gbọ́ èébú ayálégbé. Àwọn àgbà sì sọ pé ibi tí ènìyàn bá ti ń ṣiṣẹ́ ni ó ti ń jẹun. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iye tí a bá jọ fohùn sí ni owó iṣẹ́; èyí tí a mú láìwí, olè ni, ìbáà jẹ́ ọmọ ìyá ẹni ni ó mú un.

Ẹ tún wo ibi tí owó ilé náà ti wá. Owó àjọ ni, tàbí èyí tí a yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Bí ilé bá ná ènìyàn ní 6,000,000 náírà, tí owó ilé ọdún kan sì jẹ́ 300,000, ogún ọdún gbáko ni kí owó náà tó padà, a kò tíì ka àtúnṣe. Bí ó bá jẹ́ báńkì ni a ti yá gbogbo rẹ̀ ní èlé 20 nínú 100, èlé ọdún kan ṣoṣo jẹ́ 1,200,000, ìlọ́po mẹ́rin owó ilé! Nítorí náà, ẹni tí ó jẹ owó ilé ọdún mẹ́ta kò jẹ èrè ẹnikẹ́ni. Gbèsè ẹlòmíràn ni ó fi kún.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní Kánò tí ó yẹ kí àwọn ọmọ wa mọ̀. Ní ọdún 1966, wọ́n pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ Ìgbò ní òkè Ọya, àwọn tí ó kù sì sá lọ sí Ìlà-Oòrùn. Wọ́n fi ilé sílẹ̀ ní Sabon Gari. Ogun bẹ̀rẹ̀ ní 1967, kò sì parí títí di oṣù kìíní ọdún 1970. Ta ni ìbá rò pé onílé yóò padà? Síbẹ̀ a bójú tó púpọ̀ nínú àwọn ilé náà, a gba owó lọ́wọ́ àwọn tí ń gbé inú wọn, nígbà tí àwọn onílé sì dé, a dá ilé padà fún wọn pẹ̀lú owó tí a ti gbà. (Ilé tí a dá padà kò jí òkú, ẹ má ṣe jẹ́ kí a gbàgbé èyí.) Ní Port Harcourt kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun ìní tí a kọ̀ sílẹ̀ ni wọ́n pe ilé àwọn Ìgbò níbẹ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò sì padà sí ọwọ́ ẹni tí ó kọ́ ọ.

Orúkọ yẹn ni ó ṣe iṣẹ́ ibi náà. Ẹni tí ó sá fún ikú kò kọ ilé rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ará ilé wa náà ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu: “Ó ti di ará òkè Ọya, kí ni yóò fi í ṣe?”

Ṣùgbọ́n àwa onílé kò mọ́ láú. A kì í fún alábòójútó ní kọ́bọ̀, a sì ń retí òótọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ebi ń pa. Ayálégbé ń fi abọ́ gbe omi òjò nínú yàrá, àwa ń béèrè owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan láti fi san àjọ. Òfin tí Èkó ṣe ní ọdún 2011 kò gba onílé láyè láti gba ju ti ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Kò yẹ kí a dúró de òfin kí a tó mọ èyí.

Kí a kọ ọ́ sínú ìwé. Nínú 300,000 náírà, kí 30,000 jẹ́ ti alábòójútó, kí apá kan wà fún òrùlé, kí ìyókù lọ sí ibi gbèsè. Bí ara ìyá kò bá sì yá, kí wọ́n pè wá. Owó ìwòsàn ìyá wa kò sí nínú owó ilé; àwa ni a jẹ ẹ́ ní gbèsè.