Kí A Tó Bomi Rin Ín

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àṣejù, baba àṣetẹ́. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, mo sì fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé fún ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Síbẹ̀, òdòdó kan nínú ike ni ó jẹ́ kí ó yé mi.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tísà ní Ìbàdàn tí mo padà sílé ní Òkukù, ọmọbìnrin mi gbé òdòdó kan fún mi kí n fi ṣe palọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní mọ́nì-pláǹtì ni. Ewé rẹ̀ fẹ̀ nídìí, ó ṣóńṣó lórí, ìtàkùn rẹ̀ a sì máa rọ̀ wálẹ̀ láti orí ohunkóhun tí a bá gbé e lé. Erékùṣù Moorea, nítòsí Tahiti, ní àárín òkun Pàsífíìkì lọ́hùn-ún, ni ó ti ṣẹ̀ wá, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ palọ̀ ní Nàìjíríà ni ẹ ti máa bá a lónìí. Mo gbé e ka orí kọ́bọ́ọ̀dù gíga kan kí àlejò lè máa rí i.

Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Láàárọ̀, ife omi kan. Nírọ̀lẹ́, ife omi kan. Nítorí pé kọ́bọ́ọ̀dù náà ga, n kì í gun àpótí. Ńṣe ni mo máa ń nawọ́ sókè tí n ó da omi sí i láti ìsàlẹ̀. Ewé nìkan ni mo ń rí, n kì í rí iyẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀. Nígbà tí ó yá, ewé bẹ̀rẹ̀ sí pọ́n, ó sì ń rọ. Mo ní, “Háà, òǹgbẹ ni!” Mo sọ ife kan di méjì.

Bàbá kan wà ní àdúgbò wa tí ó máa ń hu ọmọ kòkó sínú ọ̀rá, tí ó ń tà á fún àwọn àgbẹ̀. Ó wá kí mi lọ́jọ́ kan, ó wo òdòdó náà, ó sì ní kí n gbé àpótí wá, kí n gun orí rẹ̀, kí n ti ìka bọ iyẹ̀pẹ̀. Ìka mi rì wọlé bí ìgbà tí ènìyàn ti ìka bọ ẹrẹ̀. Nígbà tí mo fà á yọ, ó ń rùn.

“Tísà, òǹgbẹ kọ́. Omi ni o fi ń pa á.”

“Bàbá, ó ń rọ ni o. Ṣé ohun tí omi kò tó kọ́ ni ó máa ń rọ?”

“Ohun tí omi pọ̀ jù fún náà ń rọ. Ewé kò lè sọ èwo ni fún ọ. Ìdí ni kí o lọ bi. Ọ̀rá tí mo fi ń hu kòkó, ṣé o kò rí i pé mo máa ń lu ihò sí i nídìí ni? Wo ike tìrẹ.”

Mo wò ó. Kò ní ihò kankan.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, gbòǹgbò náà ń mí. Àwọn àlàfo kéékèèké wà láàárín iyẹ̀pẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá. Bí omi bá kún gbogbo rẹ̀ tí kò rí ọ̀nà jáde, afẹ́fẹ́ a tán, gbòǹgbò a sì bẹ̀rẹ̀ sí jẹrà. Gbòǹgbò tí ó ti jẹrà kò lè fa omi mọ́. Òǹgbẹ wá ń gbẹ òdòdó nínú omi, ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ̀ rí i pé ó ń rọ, ó tún bu omi sí i.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò nìyí: ẹni tí ó fi inú rere ba nǹkan jẹ́, ṣé ó jẹ̀bi?

Ká ní òdòdó nìkan ni, n kì bá má da ara mi láàmú. Ṣùgbọ́n ní ọdún kan náà tí mo dé Òkukù, mo ní kí ìyá mi fi ẹlùbọ́ títà sílẹ̀. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Mo ní, “Ìyá, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó. Ẹ jókòó.” Mo gba ọmọbìnrin kan tí yóò máa se oúnjẹ, tí yóò máa fọṣọ. Igbá tí wọ́n fi ń wọn ẹlùbọ́, mo gbé e sí òkè àjà. Gbogbo ènìyàn ń yìn mí pé ọmọ gidi ni mí.

Kò pé oṣù mẹ́ta tí Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí rù. Wọn kì í dápàárá mọ́. Mo ra ẹran kún ẹran, mo ra oògùn tí ń múni lókun. Dókítà ní òun kò rí àrùn kankan. Mo tún ní kí wọ́n má gbálẹ̀ mọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí Bàbá ní kí n ti ìka bọ iyẹ̀pẹ̀, mo lọ jókòó ti Ìyá. Mo bi wọ́n ní ohun tí n kò tíì bi wọ́n láti ọjọ́ tí mo ti dé: “Ìyá, kí ni ẹ ń fẹ́ gan-an?”

Wọ́n dákẹ́ títí. Wọ́n ní, “Àjàní, o ń ṣe mí lóore, Ọlọ́run yóò san án fún ọ. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń kan ilẹ̀kùn mi mọ́. Àwọn oníbàárà mi ni mo máa ń bá sọ̀rọ̀ o.”

Mo ti rò pé wàhálà ni mo gbà lọ́wọ́ wọn. Afẹ́fẹ́ ni mo gbà.

Aristotle, ọlọ́gbọ́n ará Gíríìkì tí ó kú ní ọdún 322 kí a tó bí Jésù, ti sọ̀rọ̀ kan tí ó bá èyí mu. Ó ní oúnjẹ tí kò ní tó Milo, ìyẹn òkìkí oníjàkadì kan láyé ọjọ́un, yóò pọ̀ jù fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìjàkadì. Bí ó ṣe yé mi ni pé a kì í fi bí inú ẹni tí ó ń fúnni ṣe dára tó wọn ẹ̀bùn. Ara ẹni tí a ń fún ni a fi ń wọ̀n ọ́n.

Ẹlòmíràn lè ní, “Tísà, ọ̀rọ̀ ahun lẹ̀ ń sọ yìí. Ẹ fẹ́ kí àwọn ọmọ máa háwọ́ sí òbí wọn.” Rárá o! Òdòdó tí a kò bomi rin yóò kú. Àwa ará Òkukù kọ́ ni a ó sọ pé omi burú. Ọtìn ni odò wa, a sì ń ṣe ọdún rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo wà ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Ògọ́sì ọdún 1980, nígbà tí odò Ògùnpa kún àkúnya, tí ó gbé ilé, tí ó gbé ènìyàn. Omi náà ni.

Kàlẹ́ńdà kọ́ ni a fi ń bomi rin òdòdó. Nígbà ọyẹ́, iyẹ̀pẹ̀ a máa tètè gbẹ. Nígbà òjò, ó lè tutù fún ọjọ́ púpọ̀. Ìka ni kí á lò. Bí ó bá gbẹ dé oríkèé ìka kejì, ẹ bomi rin ín dáadáa títí yóò fi máa jò nídìí, kí ẹ sì da èyí tí ó jò sínú àwo nù. Bí ó bá ṣì tutù, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí àpótí.

Bàbá gé ìtàkùn tí ó ṣì dára ní ìsàlẹ̀ oríkèé rẹ̀, ó kì í bọ inú ìgò omi. Mo ní, “Omi tó ń pa á náà lẹ tún fi í sí?” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní gbòǹgbò tí ó bá hù nínú omi mọ omi í gbé, èyí tí ó hù nínú iyẹ̀pẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ènìyàn. Ìyá ọ̀rẹ́ mi kan wà tí inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn láti ọjọ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti ní kí ó jókòó. Ohun tí ó mú tirẹ̀ sanra ni ó mú tèmi rù.

Ṣé mo jẹ̀bi, nígbà náà? Lójú tèmi, mo jẹ̀bi. Fífún tí mo fúnni kọ́ ni ẹ̀bi mi. Àìgun àpótí ni. Ó rọrùn láti máa da oore láti ìsàlẹ̀, ìyìn rẹ̀ sì dùn létí. Kí n sòótọ́, kì í ṣe Ìyá nìkan ni mo ń tọ́jú. Mo ń tọ́jú orúkọ mi náà, kí ará ìlú má baà sọ pé ìyá tísà ṣì ń ta ẹlùbọ́.

Tábìlì kékeré kan wà níwájú ilé wa báyìí. Èrè orí rẹ̀ kò tó ra iyọ̀. Ara Ìyá kò padà sí ti àtẹ̀yìnwá, n kò sì lè dá oṣù wọ̀nyẹn padà fún wọn. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ òní, mo gbọ́ tí wọ́n ń pariwo mọ́ oníbàárà kan: “Ṣé ọ̀fẹ́ lo fẹ́ gba ẹlùbọ́ mi ni?” Oníbàárà ń rẹ́rìn-ín, àwọn náà ń rẹ́rìn-ín.

Inú palọ̀ ni mo wà, ife omi lọ́wọ́ mi. Ìtàkùn tí a gé ti wà nínú ike tuntun tí ó ní ihò nídìí. Mo gun orí àpótí, mo ti ìka bọ iyẹ̀pẹ̀. Ó ṣì tutù. Mo sọ̀ kalẹ̀.