Ta Ló Ni Ẹ̀fẹ̀ Tí A Jọ Ń Ṣe?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lóṣù yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré lójú ẹlòmíràn, nítorí pé ìdí eré gan-an ni ó ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n a ti rí ọ̀rẹ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́ tó tú ká lórí rẹ̀, a sì ti rí ẹni tí kò wá sí asaláátù mọ́ nítorí orúkọ kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè é.

Ẹni tó bá gba abẹ́ igi kọjá lọ́sàn-án ní Mọ́níyà, ní Lálúpọn, ní Ẹ̀gbẹ́dá tàbí ní Àkànrán, tó bá bá wọn nídìí ayò, èébú ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. Ojú ọpọ́n 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ojú kọ̀ọ̀kan: irinṣẹ́ eré náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnu ni ìyókù. Ẹni tó ń jẹ ni ọ̀ta, ẹni tí wọ́n ń jẹ ni ọ̀pẹ, ọ̀ta sì láṣẹ láti fi ọ̀pẹ ṣe yẹ̀yẹ́ bó ṣe wù ú. Àwọn òǹwòran náà kì í dákẹ́. Ká sọ pé ọ̀pẹ kan rí i pé ilẹ̀ ń mọ́ òun, ó dìde, ó ní òjò fẹ́ rọ̀, bẹ́ẹ̀ oòrùn ń ràn yòò. Ó parí! Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni tó bá ti fẹ́ sá nídìí ọpọ́n, "òjò fẹ́ rọ̀" ni wọn yóò fi lé e. Àlejò tó bá dúró níbẹ̀ kò ní mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ tiwa nìkan. Ní Amẹ́ríkà, ní 1974, Gary Gygax àti Dave Arneson gbé eré kan jáde tó ń jẹ́ Dungeons & Dragons. Àwọn ọ̀rẹ́ yóò jókòó yí tábìlì ká, ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò di ẹlòmíràn nínú ìtàn, ọ̀kan jagunjagun, ọ̀kan olè, ẹnì kan yóò máa darí ìtàn náà, wọn yóò sì máa ju dáìsì láti mọ ohun tó kàn. Àwọn tó ti ń ṣe é pa pọ̀ fún ọdún díẹ̀ máa ń ní ọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé ẹni tí kò sí níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀ kò lè rí ẹ̀rín kankan nínú rẹ̀. Nídìí Lúdò àti dírááfù tiwa náà, bákan náà ni.

Àwa kò rí ẹ̀bi nínú èyí. Ọ̀rọ̀ méjì péré lè gbé ìtàn ọ̀sán kan ró, ẹni tó bá sì gbọ́ ọ tó rẹ́rìn-ín mọ̀ pé òun wà níbẹ̀, pé òun kì í ṣe àjèjì. Ibi tí ìbéèrè wà nìyí: ọ̀rọ̀ tí kò dun ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́, tó wá dun ènìyàn lóde, ta ló jẹ̀bi rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká wo ìtàn Ali, ọkọ Fatima. Ọjọ́ kan, aáwọ̀ díẹ̀ wà láàárín tọkọtaya náà, Ali bínú jáde. Ànábì (S.A.W.) wá a lọ, ó bá a níbi tó sùn sí nínú mọ́sáláásí, aṣọ ti bọ́ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, erùpẹ̀ sì ti kùn ún lára. Ó ń gbọn erùpẹ̀ náà dànù, ó sì ń pè é ní Abu Turab, ìyẹn Bàbá Erùpẹ̀, pé kó dìde. Ẹ̀fẹ̀ àárín ẹbí ni. Nígbà tó pẹ́, ọkùnrin kan láti ìdílé Marwan tó ń ṣàkóso Madina pàṣẹ fún Sahl ọmọ Sa'd pé kó fi orúkọ yẹn gan-an ṣépè fún Ali. Sahl kọ̀. Ó ní kò sí orúkọ tí Ali fẹ́ràn tó o. Imaamu Muslim gba ìtàn yìí sílẹ̀. Orúkọ kan náà ni, kò sí lẹ́tà kan tó yí padà. Ẹni tó fi tìfẹ́tìfẹ́ gbọn erùpẹ̀ dànù lára Ali ló sọ ọ́ lórúkọ. Ẹni tó fẹ́ fi bú u kò bá a gbọn nǹkan kan.

Nítorí náà, lójú tiwa, ẹni tó ń jẹ́ orúkọ ni olóhun, kì í ṣe ẹni tó dá a sílẹ̀. Ó lè gbà á lónìí, kó sì dá a padà lọ́la. Ẹni tí wọ́n ń pè ní Òjò-fẹ́-rọ̀ nídìí ayò lè máa jẹ́ ẹ tẹ̀ríntẹ̀rín, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ké e lójú àna rẹ̀ níbi yìgì, ibẹ̀ kì í ṣe ìdí ọpọ́n mọ́. Àṣẹ tí ọ̀ta ní kò ju ìgbà tí wọ́n bá gbé ọpọ́n kúrò nílẹ̀. Ẹsẹ 11 nínú Suratul Hujuraat, tó kọ pípe ara ẹni ní ìnagijẹ burúkú, dárúkọ ọkùnrin lọ́tọ̀, ó dárúkọ obìnrin lọ́tọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́. Wọ́n gbà á wá pé nígbà tí Ànábì dé Madina, ọkùnrin kọ̀ọ̀kan nínú àwọn Banu Salima ní orúkọ méjì tàbí mẹ́ta. Bí ó bá fi ọ̀kan pe ẹnì kan, wọn á ní olúwa rẹ̀ kò fẹ́ ìyẹn. Àwọn ará ilé mọ̀ pé kò fẹ́ ẹ, síbẹ̀ wọ́n ń pè é!

Ẹnà tún wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá, tí a bí ní abúlé Lábọ̀dé nítòsí Ìbàdàn ní 1939, tó kú ní 2018, kọ àpilẹ̀kọ lé e lórí ní 1982. Ẹni tó ń fi ẹnà sọ pé "wá níbí" lè ní "wágá nígí bígí". Ó dùn, ó ń mú ọpọlọ jí pépé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìsọ̀ aránṣọ tí ọmọbìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ti abúlé dé láti kọ́ṣẹ́. Àwọn ọmọṣẹ́ tó bá níbẹ̀ fi ẹnà sọ̀rọ̀, wọ́n wo bàtà rẹ̀, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ oníbàárà tó jẹ gbèsè ni wọ́n ń sọ. Kò mọ̀. Bàtà òun tí wọ́n wò ló mọ̀. Hádíìsì tó kọ̀ fún ẹni méjì láti máa sọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ lójú ẹnì kẹta sọ ìdí rẹ̀: yóò ba ẹni náà nínú jẹ́. Kò ní dandan kó jẹ́ pé òun ni wọ́n ń sọ.

Ẹlòmíràn á ní, ṣé gbogbo ẹ̀fẹ̀ la ó wá máa túmọ̀ ni? Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ tán, ṣé ó tún dùn mọ́? Òótọ́ ni, ó máa ń tẹ́. Ṣùgbọ́n a lè fi í sílẹ̀ di ìgbà tó bá ku àwa nìkan, tàbí ká sọ ìtàn òjò náà fún àlejò láti ìbẹ̀rẹ̀, kó lè bá wa rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ mìíràn.

Ti ẹni tó ń bá wọn rẹ́rìn-ín ló le jù. Ẹ̀rín rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé ó gbà, nítorí ẹni tó bá fajú ro ni wọn yóò tún dá orúkọ mìíràn lé lórí. Ohun tí àwa máa ń wò ni bóyá ó ń fi orúkọ náà pe ara rẹ̀. Ẹni tó kan ilẹ̀kùn, tí wọ́n bi í pé ta ni, tó ní "Òjò-fẹ́-rọ̀ ni o," ti gbà á nìyẹn. Ẹni tí kò fi pe ara rẹ̀ rí láti ọdún mẹ́ta, ẹ bi í léèrè nígbà tó bá ku ẹ̀yin méjì.