Omi Ìdọ̀tí Tó Ṣàn Wọ Òkun ní Monaco

Ìwọ tí o ń sin ẹja omi iyọ̀ sínú àpótí gíláàsì, nílé tàbí níbi iṣẹ́, ìwọ ni mo ní ọ̀rọ̀ bá sọ. Mo gbà pé o mọ bí a ṣe ń tọ́jú iyanrìn ìsàlẹ̀ rẹ̀. O mọ̀ pé ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tí wọn kò jẹ tán ń wọnú iyanrìn lọ. O mọ̀ pé bí ìdọ̀tí náà bá pẹ́ níbẹ̀, afẹ́fẹ́ olóró tí ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́ á kó sábẹ́ rẹ̀, àti pé ẹni tó bá da iyanrìn jíjìn tó ti pẹ́ rú lẹ́ẹ̀kan náà lè bá òkú ẹja lójú omi. Nítorí náà, o ń fi rọ́bà fa ìdọ̀tí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, apá kan lónìí, apá kejì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. O káre. Ṣùgbọ́n níbo lo ń da omi ìdọ̀tí náà sí?

Má fojú kékeré wo ìbéèrè yẹn. Àwọn tó mọ òkun jù ọ́ lọ kò bi ara wọn léèrè bó ṣe yẹ, orílẹ̀-èdè mẹ́fà ló sì jìyà rẹ̀.

Koríko òkun kan wà tó ń jẹ́ Caulerpa taxifolia. Ó tutù yọ̀yọ̀, ewé rẹ̀ gún, ó sì rẹwà púpọ̀. Inú òkun ilẹ̀ olóoru ló ti wá. Ní ọgbà ẹranko Wilhelma nílùú Stuttgart, ní ilẹ̀ Jámánì, wọ́n rí i pé èyí tó wà lọ́wọ́ wọn kì í kú nínú omi tútù. Ó ń yára dàgbà. Ó ń ta gbòǹgbò mọ́ iyanrìn, ó sì ń fa ẹ̀gbin inú omi mu. Ta ni kò ní fẹ́ irú rẹ̀ nínú àpótí ẹja? Wọ́n fún àwọn ará Nancy ní ilẹ̀ Faransé nínú rẹ̀, láti ibẹ̀ ló sì ti dé ilé àkójọ ohun inú òkun tó wà ní Monaco.

Ilé yẹn kì í ṣe ilé kékeré. Ọmọba Albert Kìíní ló dá a sílẹ̀, wọ́n sì ṣí i ní 1910. Jacques Cousteau, ẹni tí fíìmù rẹ̀ mú kí gbogbo ayé fẹ́ràn òkun, ni olùdarí ibẹ̀ láti 1957 títí di 1988. Orí àpáta létí òkun ni wọ́n kọ́ ọ sí. Ohun tí wọ́n bá dà nù níbẹ̀, òkun ò jìnnà sí i.

Ibẹ̀ ni aburú ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ẹ̀rí fi hàn pé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, omi inú àpótí ẹja ṣàn jáde lọ sínú òkun, tòun ti èérún koríko yìí. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣe ibi. Bóyá ohun tí ọkàn ń sọ fún ìwọ náà ni ọkàn sọ fún wọn: “Omi iyọ̀ ni, inú omi iyọ̀ náà ló ń lọ. Kí ló burú níbẹ̀?” Gbọ́ ọ dáadáa o, èrò yẹn gan-an ló da nǹkan rú. Òkun kan kọ́ ni gbogbo òkun. Ohun tó ní ọ̀tá tí ń jẹ ẹ́ nílé rẹ̀ lè dé ibòmíràn kó má rẹ́ni tó máa dá a dúró. Bí wọ́n bá ti sẹ́ omi náà kó tó jáde, tí wọ́n sì se koríko tó kù nínú asẹ́, ọ̀rọ̀ ìbá ti parí síbẹ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni.

Koríko yìí kò nílò èso kó tó pọ̀. Èérún rẹ̀ tí kò ju èékánná lọ tó láti hù. Ní 1984, wọ́n rí i lábẹ́ ilé náà, nínú òkun. Kò ju mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, kò fẹ̀ ju ẹní tí ọmọdé ń sùn lé lọ. Òmùwẹ̀ kan ṣoṣo ìbá hú u tán kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Kò sẹ́ni tó hú u. Ọ̀gìnnìtìn dé, ó kọjá, koríko náà ò kú. Òmíràn tún dé, òun náà kọjá. Àwọn àgbà wa ní kékeré la ti ń pẹ̀kan ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Nígbà tó fi máa di 1989, ó ti gba hẹ́kítà kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Alexandre Meinesz ti Yunifásítì Nice ké gbàjarè. Dípò kí gbogbo ọwọ́ pa pọ̀ ṣiṣẹ́, àríyànjiyàn ló ṣẹlẹ̀. Àwọn kan ní láti inú ilé náà ló ti jáde. Àwọn mìíràn ní rárá o, òkun fúnra rẹ̀ ló gbé e wá láti ibòmíràn. Akátá la kọ́kọ́ ń lé lọ ká tó fàbọ̀ bá adìẹ wí, ṣùgbọ́n adìẹ ni wọ́n dúró tì. Ní 1998, àyẹ̀wò àbùdá fi hàn pé koríko inú òkun náà àti ti inú àpótí ẹja, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹjọ́ ti parí, àmọ́ koríko ti lọ.

Ìdákọ̀ró ọkọ̀ ojú omi ń fà á tu, ó sì ń gbé e lọ síbòmíràn. Àwọn apẹja ń gbọn àwọ̀n wọn, wọ́n sì ń fọ́n ọn káàkiri láìmọ̀. Nígbà tí ọdún 2000 fi máa parí, ó ti wà ní kìlómítà onígun mẹ́rin 131 nínú omi Monaco, Faransé, Ítálì, Sípéènì, Kroéṣíà àti Tùnísíà. Ó bo koríko ìbílẹ̀ tí ẹja ń sá pamọ́ sí, tí wọ́n sì ń bímọ sí. Oró wà lára rẹ̀, nítorí náà ọ̀pọ̀ ẹja kì í jẹ ẹ́.

Wá wo ohun tí àwọn mìíràn ṣe. Ní oṣù kẹfà ọdún 2000, àwọn òmùwẹ̀ rí koríko yìí kan náà nínú ọ̀sà kan ní Carlsbad, Kalifọ́níà. Wọn kò jiyàn, wọn kò sì dúró wo ojú ọ̀gìnnìtìn. Láàárín ọjọ́ 17, wọ́n ti ń fi tàpólì bò ó, wọ́n sì ń da kẹ́míkà kúlórìnì sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ṣọ́ ọ títí di 2006 kí wọ́n tó kéde pé ó ti tán. Wọ́n borí, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ná ju mílíọ̀nù 7 dọ́là lọ. Ìnáwó ẹni tó tètè jí nìyẹn o!

Má sọ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ni. Ní 1984 yẹn kan náà, koríko ojú omi tí wọ́n ń pè ní water hyacinth gba ọ̀nà Porto-Novo wọ omi Àgbádárìgì. Ilẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá, ẹwà òdòdó rẹ̀ ló sì mú kí àwọn èèyàn máa gbé e kiri ayé. Béèrè lọ́wọ́ àwọn apẹja Ẹ̀pẹ́ àti Ìlàjẹ ohun tó fi ojú wọn rí: ọkọ̀ kò ráyè kọjá, àwọ̀n kò sì ṣeé dà sómi.

Nítorí náà, gba ìmọ̀ràn. Bí o bá fa ìdọ̀tí inú iyanrìn, sẹ́ omi rẹ̀. Dà á sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó lọ sí sọ́kàwéè. Má ṣe dà á sí gọ́tà tó ń ṣàn lọ sọ́sà, má sì dà á sétí òkun. Koríko, òkúta àti iyanrìn tí o kò fẹ́ mọ́, sè é, tàbí kó o fi í sínú fíríìsà di ọjọ́ kejì, kó o tó dà á síbi ìdalẹ̀nù. Ẹja tí ó sú ọ, fi í fún ẹlòmíràn tó lè tọ́jú rẹ̀. Má ṣàánú rẹ̀ ní ọ̀nà òdì nípa jíjù ú sómi. Bí o bá sì rí ohun àjèjì tó ń hù lómi àdúgbò rẹ, ké sí àwọn tó yẹ kó gbọ́ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ọlọ́run fi àpótí kékeré kan sí ìkáwọ́ rẹ, ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ló ni ọ̀sà àti òkun. Ẹni tó fọ ilé tirẹ̀ mọ́, tó wá da ẹ̀gbin rẹ̀ síwájú ilé aládùúgbò, kò tíì ṣe ìmọ́tótó. Kí o tó gbé korobá ìdọ̀tí yẹn jáde, kọ́kọ́ mọ ibi tí yóò dé.