Àmì Tí Ọwọ́ Ń Nù: Ifá àti Ìbéèrè Ìrántí Láàárín Àwọn Ayàwòrán

Ọpọ́n Ifá kan wà ní mùsíọ́ọ̀mù ìlú Ulm ní Jámánì tó ti kúrò nílẹ̀ Áfíríkà kí ọdún 1659 tó dé. Ọdún yẹn ni wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àkójọ ẹrù oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Weickmann. Agbègbè Àláàdà, ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní, ni wọ́n gbà pé ó ti wá, àwọn onímọ̀ sì kà á sí èyí tó pẹ́ jù lọ nínú àwọn ọpọ́n Ifá tí a mọ ọjọ́ orí wọn. Agbẹ́gilére tó ṣe é kò ṣe ọ̀lẹ rárá: etí ọpọ́n náà kún fún ère fọ́fọ́. Ohun kan ni kò sí níbẹ̀, àmì odù. Odù tí wọ́n tẹ̀ sójú rẹ̀, ẹni tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún, ẹbọ tí wọ́n ní kó rú, gbogbo rẹ̀ ti bá ọwọ́ tó nù ún lọ.

Ọ̀rọ̀ ọpọ́n yìí kan àwọn ayàwòrán òde òní gbọ̀ngbọ̀n. Púpọ̀ nínú wọn, nílé àti lẹ́yìn odi, ló ń sọ pé ìrántí ni àwọn ń fi bíírò, èédú, ṣọ́ọ̀kì àti tàdáwà wá kiri: ìrántí ìdílé, ìrántí igbó tí wọ́n ti gé, ìrántí òrìṣà tí àwọn baba ńlá wọn sìn. Gálárì fẹ́ràn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn olówó tó ń ra àwòrán náà sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n níbo gan-an ni ìrántí ń gbé? Ṣé inú àwòrán ni, àbí ara ẹni tó yà á? Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí Ifá, nítorí bí babaláwo bá ń fi ikin dá Ifá, láìfa ìlà, kò ní odù tí yóò kì.

Ẹ jẹ́ ká wo ọwọ́ rẹ̀ dáadáa. Babaláwo bu ìyẹ̀rosùn sójú ọpọ́n, ó fọwọ́ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Ara igi ìrosùn ni ìyẹ̀ náà ti wá. Kòkòrò ló jẹ igi tó fi di lẹ́búlẹ́bú. Ó kó ikin mẹ́rìndínlógún sọ́wọ́ òsì, ó fi ọ̀tún gbá a mú lẹ́ẹ̀kan náà. Bí méjì bá ṣẹ́kù sí òsì, ó fa ìlà kan. Bí ẹyọ kan bá ṣẹ́kù, ó fa méjì. Bí kò bá ṣẹ́kù rárá, tàbí tó bá ju méjì lọ, kò fa nǹkan kan, yóò tún un ṣe. Ọ̀tún ló ń ṣáájú, òsì a tẹ̀ lé e, títí àmì yóò fi pé mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì. Odù kan ti jáde nìyẹn nínú 256. Awo á wá kì í, oníbèéèrè á máa gbọ́. Bí ẹbọ bá wọ̀ ọ́ tán, wọ́n lè bu lára ìyẹ̀ náà sínú ẹbọ, wọ́n lè fi kan oníbèéèrè lórí, wọ́n sì lè ní kó tọ́ ọ lá. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ á gba ojú ọpọ́n kọjá, àmì á pa rẹ́.

Babaláwo kì í fi férémù há odù kọ́ ara ògiri. Bí àmì bá pa rẹ́ lónìí, kò sẹ́ni tó ń dárò rẹ̀, nítorí ẹsẹ rẹ̀ wà lẹ́nu, ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́ sì mọ bí yóò ṣe tún un tẹ̀ lọ́la.

Ìtàn tó bá ọ̀rọ̀ yìí mu jù wà nínú odù Ìwòrì Méjì. Ọ̀rúnmìlà ń ṣọdún, àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ti di ọba kálukú ní ìlú wọn wá bá a ṣe é. Méje dọ̀bálẹ̀, wọ́n kí baba kíkí awo. Ọlọ́wọ̀ tó jẹ́ àbíkẹ́yìn dúró gbagidi. Wọ́n bi í léèrè, ó ní adé wà lórí baba, adé wà lórí òun náà. Baba mú ọ̀ṣùn idẹ dání, òun náà mú tòun dání. Kí ló kù tí òun yóò tún dọ̀bálẹ̀ fún? Inú bí Ọ̀rúnmìlà, ó gba ọ̀ṣùn lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ sọ́run. Ayé dàrú. Aboyún kò bí, àgàn kò tọwọ́ àlà bọ osùn, òjò kọ̀, odò gbẹ. Nígbà tí wọ́n tọ̀ ọ́ lọ nídìí ọ̀pẹ, wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó padà, ó kọ̀. Ohun tó ṣe ni pé ó ní kí wọ́n tẹ́wọ́, ó sì kó ikin mẹ́rìndínlógún lé wọn lọ́wọ́: ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́ bi òun, ikin ni kí wọ́n máa bi.

Ẹ wo ohun tí baba fi sílẹ̀. Kò fi ère ara rẹ̀ sílẹ̀, kò fi àwòrán ojú rẹ̀ sílẹ̀. Èso igi ló fún wọn, pẹ̀lú iṣẹ́ tí wọn yóò máa fi ṣe. Ẹni tó bá gba ikin tí kò kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́, èkùrọ́ lásán ló kó dání. Ẹ sì wo ẹ̀ṣẹ̀ Ọlọ́wọ̀: kò sí nǹkan baba tí kò ní, kíkí nìkan ni kò kí. Àìmọye àwòrán ló wà lọ́jà tó ní ọpọ́n, ìrọ́kẹ́ àti ọ̀pẹ̀lẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n tí babaláwo bá fara balẹ̀ ka ìlà orí ọpọ́n náà, kò ní bá odù kankan níbẹ̀. Adé wà lórí, ọ̀ṣùn wà lọ́wọ́.

Victor Ekpuk kì í ṣe irú ayàwòrán bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ìbìbíò ni, wọ́n bí i ní Eket ní 1964, ó sì kàwé gboyè ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1989. Nsibidi ni orísun iṣẹ́ rẹ̀, àwọn àmì àtijọ́ tí ẹgbẹ́ awo Ekpe ń lò lágbègbè Cross River. Ó ń jẹ́wọ́ pé ibẹ̀ ni òun ti mú un, pé òun sì ń dá àmì tòun mọ́ ọn. Lára iṣẹ́ rẹ̀ tó gbajúmọ̀ ni àwọn tó ń fi ṣọ́ọ̀kì yà tààrà sára ògiri mùsíọ́ọ̀mù. Yóò dúró síwájú ògiri dúdú, yóò máa fa ìlà láti òkè délẹ̀ títí ògiri yóò fi kún. Bí ìpàtẹ bá parí, wọ́n á kùn ún bò. Ìrántí gan-an ló sọ pé òun ń yà, ìyẹn ló sì fi gbà pé kó parẹ́.

Ọmọ Yorùbá tó bá jókòó nílé kéwú rí kò ní fi èyí ṣe ìyanu. Ekpuk fúnra rẹ̀ ní ọ̀wọ́ iṣẹ́ kan tó gbé ka wàláà. Bí ọmọdé bá há orí kan tán, wọ́n á fọ wàláà kúrò kó lè kọ òmíràn; omi hàntú ńkọ́, mímu ni. Ìyẹ̀rosùn tí a tọ́ lá àti tàdáwà tí a mu kò jìnnà síra wọn: nínú méjèèjì, inú ènìyàn ni àmì ń wọ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ẹni tí wọn kò kó ikin lé lọ́wọ́ ńkọ́? Toyin Ojih Odutola ni wọ́n bí ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1985, Amẹ́ríkà ló sì dàgbà sí. Bíírò lásán ló fi gbajúmọ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi ń ya awọ ara ènìyàn dúdú máa ń dán bí idẹ. Ní 2020, ó pàtẹ àwòrán 40 sí Barbican ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó fi wọ́n sọ ìtàn ìlú àtijọ́ kan ní Òkè Jos tí kò sí rí, níbi tí àwọn obìnrin ti ń jọba, tí àwọn ọkùnrin ń sìn wọ́n. Eshu lorúkọ tó fún àwọn obìnrin náà. Ó ṣeé ṣe kí olórìṣà Èṣù yínmú sí i. Síbẹ̀, àròsọ ló pè é. Kò ní kí ẹnikẹ́ni kà á sí ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀. Ní 2024, ó ṣe ìpàtẹ mìíràn ní Basel ní Switzerland, ó pè é ní Ilé Oriaku, ó sì gbé e ka ilé mbari. Àwọn Igbo agbègbè Owerri ló máa ń kọ́ ilé mbari fún Ala, òrìṣà ilẹ̀, láyé àtijọ́. Bí wọ́n bá kọ́ ọ tán, wọn kì í tún un ṣe. Òjò á pa á, á wó, wọ́n á kọ́ òmíràn nígbà tó bá yẹ. Ibi tí Ekpuk dé náà ni òun náà dé, ọ̀nà ló yàtọ̀.

Àwọn tó pẹ́ jù lórí iṣẹ́ yìí kò lọ sí Basel. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn obìnrin olórìṣà Ìkirè ń kun ògiri ojúbọ òrìṣà wọn lọ́dọọdún, tí ọdún bá ń bọ̀. Erùpẹ̀ ilẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀dà, wọ́n á pò ó di pupa, funfun àti dúdú, wọ́n á wá ya ìlà, àmì tótòtó àti ẹranko. Ti ọdún yìí ń bo ti èṣí mọ́lẹ̀ ni. Moyo Okediji, tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Ifẹ̀ nígbà náà, lọ kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ wọn. Ohun tó rí níbẹ̀ mú kó fi ọ̀dà òyìnbó sílẹ̀, kó máa fi erùpẹ̀ kun àwòrán. Ní 1989, òun àti Kunle Filani, Bolaji Campbell, Tola Wewe àti Tunde Nasiru dá ẹgbẹ́ Ọ̀nà sílẹ̀. Campbell náà kọ odindi ìwé lórí ògiri àwọn olórìṣà, ó jáde ní 2008. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé àwọn wọ̀nyí kò kí baba, tàbí ká sọ pé wọn kò kí ìyá.

Ìṣòro wà lọ́dọ̀ àwa yòókù. A mọ orúkọ àwọn ọkùnrin márùn-ún yìí lórí, a kì í sì í rí orúkọ àwọn obìnrin náà nínú ìwé pẹlẹbẹ gálárì. Ìtàn odù Ọ̀ṣẹ́ Tùúrá ti sọ ibi tí irú ìyẹn ń já sí. Irúnmọlẹ̀ mẹ́rìndínlógún tó jẹ́ ọkùnrin dé ayé, wọ́n lagbó, wọ́n ṣètò gbogbo nǹkan, wọn kò ka Ọ̀ṣun tó ṣe ìkẹtàdínlógún kún. Ohun gbogbo tí wọ́n dá lé forí ṣánpọ́n. Wọ́n padà tọ Olódùmarè lọ, ó bi wọ́n pé ẹnì kan tó kù dà? Àfìgbà tí wọ́n lọ bẹ Ọ̀ṣun kí nǹkan tó gún. Bẹ́ẹ̀ àwọn ojúbọ tí àwọn obìnrin ṣì ń kùn báyìí ti dín kù nílẹ̀ Yorùbá. Ẹni tó bá ń ya àwòrán ògiri náà lórí kọ̀ǹpútà kó má baà sọnù ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n ọpọ́n Ulm náà kò sọnù, odù tí wọ́n tẹ̀ sójú rẹ̀ ló sọnù.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò ìpàtẹ àwòrán lórí ìrántí Yorùbá, ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ kọ́kọ́ lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Ẹ béèrè orúkọ àwọn obìnrin Ìkirè. Bí wọ́n bá gbà, ẹ kọ ọ́ sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn yòókù, kí ẹ sì san iye kan náà fún wọn. Ẹ̀yin olùkọ́ iṣẹ́ ọnà, ẹ rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín lọ bá wọn kí ọdún tó ń bọ̀ tó dé, kí wọ́n lọ bá wọn po erùpẹ̀.